Bí A Ṣe Ń Pe Ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ Lédè Ítálì Kí A Má Baà Ṣi Ọjọ́ Mú

Nílé oúnjẹ tí mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní Ítálì, bébà kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì ńlá inú ilé ìdáná. Orúkọ gbogbo wa wà lórí rẹ̀, iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi sí. Bíírò ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìkọ̀wé wàrà-wàrà ẹni tí ìkòkò ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, wọ́n kọ "riposo mer", ìsinmi Ọjọ́rú, síwájú orúkọ mi. "Mar", Ìṣẹ́gun, ni mo kà. Mo sinmi sílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo gbé aṣọ iṣẹ́ mi, mo lọ. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi kò tilẹ̀ kí mi. Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ń wá mi, Ọjọ́rú gan-an ni wọ́n ní kí n sinmi. Wọ́n yọ owó ọjọ́ kan kúrò nínú owó mi, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún fọkàn tán mi.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fa gbogbo ìyẹn. Láti ìgbà náà, bí ẹni tuntun bá ti dé ọ̀dọ̀ wa láti ilé, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, kí a tó dórí "ẹ káàárọ̀" pàápàá. Orúkọ ọjọ́ méjèèje kò le, ìrọ̀lẹ́ kan tó láti há wọn sórí. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń ṣíwájú wọn tó sì ń tẹ̀ lé wọn ni ìpàdé rẹ, iṣẹ́ rẹ àti owó rẹ rọ̀ mọ́. Orí wọn ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: pe orúkọ wọn bí onílé ṣe ń pè é

Láti Ajé dé Àìkú, orúkọ wọn nìyí: lunedì, martedì, mercoledì, giovedì, venerdì, sabato, domenica. Ọjọ́ Ajé ni kàlẹ́ńdà Ítálì ti ń bẹ̀rẹ̀, Àìkú ló ń kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ kàlẹ́ńdà tí Sọ́ńdè ń ṣíwájú lojú rẹ ti mọ́, má kàn wo ipò tí ọjọ́ wà, ka orúkọ rẹ̀.

Wo àmì tó wà lórí "ì" ìparí yẹn dáadáa, nítorí àwa tí a ń ka Yorùbá ló ń ṣì lọ́nà jù. Bí ojú wa bá ti rí irú àmì yẹn lórí fáwẹ̀lì, dò là ń kà á sí, ohùn wa á sì lọ sílẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Ítálì. Ohun tí àmì náà ń sọ fún ọ ni pé ibẹ̀ ni kí o ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ohùn rẹ lágbára níbẹ̀. Létí wa, mí ló ń dún bí. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ fi àmì ohùn tiwa kọ ọ́ fún ọmọ tuntun, lùnèdí ni mo ń kọ, màrtèdí, mèrkòlèdí, jòvèdí, vènèrdí. Ọjọ́ márààrún iṣẹ́ yìí, ìparí ni ohùn wọn ti ń ga. Méjì tó kù yàtọ̀: sabato ga níbẹ̀rẹ̀, sábàtò, domenica ga ní ìró kejì, dòménìkà. Ẹni tó bá pè é ní "dòmèníkà", wọ́n á gbọ́ ọ, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń sọ.

Ìró mẹ́ta míì tún wà tó ń fẹ́ àkíyèsí. Yorùbá kò ní v. Fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí o fẹ́ pe f, kí o wá jẹ́ kí ọ̀fun rẹ gbọ̀n sí i, v dé nìyẹn. Èkejì, "gio" inú giovedì, "jo" lásán ni, a kì í pe i àárín rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ahọ́n wa kì í fẹ́ kí kóńsónáǹtì méjì fara kanra, ó máa ń fẹ́ ti fáwẹ̀lì bọ àárín wọn. Má ṣe jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú venerdì àti mercoledì. R ń bá d lọ, r ń bá k lọ, láìsí i kankan láàárín.

Ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀ ni "la settimana". Dúró díẹ̀ lórí t méjèèjì, bí ẹni tó fẹ́ pè é tó tún dá a dúró lẹ́nu, kí o tó tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "oggi", tó túmọ̀ sí òní: ọ́d-jì, kì í ṣe ọ́jì lásán.

Ohun tó mú orúkọ wọn rọrùn fún mi láti rántí ni ìtàn tó wà nínú wọn. "Dì" ìparí yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún ọjọ́. Luna ni òṣùpá, òun ló ni lunedì. Marte ni òrìṣà ogun àwọn ará Róòmù, martedì sì bọ́ sí ọjọ́ tí àwa ń pè ní Ìṣẹ́gun. Bí mo ti rí ìyẹn, n kò gbàgbé rẹ̀ mọ́. Mercurio, òrìṣà àwọn oníṣòwò, ló ni Ọjọ́rú wọn. Giove tó ń sán àrá ló ni Ọjọ́bọ̀, Venere, òrìṣà ìfẹ́ àti ẹwà, ló ni Ẹtì. Sabato wá láti inú ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, domenica sì jẹ́ ọjọ́ Olúwa, láti inú Látìnì tí ìjọ Kristẹni ń lò.

Ìgbésẹ̀ kejì: mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́

Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọjọ́, àyàfi bó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Akọ ni mẹ́fà nínú wọn, domenica nìkan ni abo: il lunedì, il sabato, ṣùgbọ́n la domenica. Bí wọ́n bá pọ̀, àwọn tó ní àmì lórí kì í yí padà, i lunedì, i venerdì. Sabato á di i sabati, domenica á di le domeniche.

Ìgékúrú ni kí o ṣọ́ra fún jù: lun, mar, mer, gio, ven, sab, dom. O ti gbọ́ ohun tí mar àti mer fi ojú mi rí. Lórí kàlẹ́ńdà mìíràn, lẹ́tà kan péré ni wọ́n ń lò, L M M G V S D, M méjì sì tẹ̀ lé ara wọn. M àkọ́kọ́ ni Ìṣẹ́gun. Mar tún ni ìgékúrú oṣù Mááṣì, marzo, nítorí náà bí o bá rí "mar 3 mar 2026" lórí tíkẹ́ẹ̀tì, má rò pé wọ́n ṣì í kọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Mááṣì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọwọ́ kọ ọ́ fún ọ ní ìgékúrú, bi í léèrè lójú ẹsẹ̀: "Martedì o mercoledì?" Kò sí ẹni tó máa bínú sí ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: "il" kékeré tó ń yí àdéhùn padà

Bí ohun kan ṣoṣo bá wà tí o máa mú kúrò nínú ìtọ́sọ́nà yìí, òun nìyí. Nínú Yorùbá, a máa ń sọ pé "lọ́jọ́ Ajé", "ní" ti wọ inú rẹ̀. Ítálì kì í fi nǹkan kan síwájú ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo:

"Lunedì vado dal medico." Mò ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí.

Bí o bá fi il síwájú rẹ̀, ó di ìṣe tí kì í yẹ̀:

"Il lunedì vado al mercato." Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń lọ sọ́jà.

Wo bó ṣe rí nígbà tí ó bá kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. O dé ẹnu ọ̀nà dókítà àdúgbò rẹ, "medico di base", ẹni tí ìlera ìjọba fi ọ́ sí lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Bébà kan wà lára ilẹ̀kùn: "La dottoressa riceve il martedì e il giovedì dalle 15 alle 18." Ìyẹn ni pé gbogbo Ìṣẹ́gun àti gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbàlejò, láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí bébà náà bá jẹ́ "Martedì la dottoressa non riceve", Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni kò ní sí níbẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá dé, ó wà. Mo mọ arábìnrin kan tó ka irú bébà kejì yìí, tó rò pé kì í wá ní Ìṣẹ́gun mọ́ rárá, tó sì fi oṣù méjì gbáko máa lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí èrò pọ̀ jù, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà míì wà tí wọ́n ń gbà sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: "ogni lunedì", "tutti i lunedì", "tutte le domeniche", tàbí "di lunedì". "Di domenica non lavoro", mi ò kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo wọn dára, kó èyí tó bá yá ọ lẹ́nu.

Ẹ̀yà kan wà tí il máa ń yọjú láìjẹ́ pé ó ń sọ ti gbogbo ọ̀sẹ̀, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ṣàlàyé ọjọ́ náà síwájú: "il lunedì dopo Pasqua", ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Àjíǹde. Ọjọ́ kan pàtó ni. Àlàyé tó tẹ̀ lé e ni yóò jẹ́ kí o mọ̀.

Ìyàtọ̀ kan náà ló wà nínú "láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí". "Sono a Roma da lunedì a venerdì": ọ̀sẹ̀ yìí ni mo máa wà ní Róòmù. "Il negozio è aperto dal lunedì al venerdì": bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣe ń ṣí nígbà gbogbo. Da pọ̀ mọ́ il ló di dal.

Fún òwúrọ̀, ọ̀sán tàbí alẹ́, kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjọ́: lunedì mattina, giovedì pomeriggio, sabato sera. Tòní ní orúkọ tirẹ̀: stamattina, òwúrọ̀ yìí, stasera, alẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ̀yìn àti iwájú

Ieri ni àná, oggi ni òní, domani ni ọ̀la. Ìjẹta ni l'altro ieri, ọ̀túnla ni dopodomani. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún wa: gbogbo márùn-ún ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lédè tiwa, kò sí èyí tó máa ṣàjèjì sí ọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni la settimana scorsa, tó ń bọ̀ ni la settimana prossima. Ọ̀rọ̀ yìí ń bá ọjọ́ lọ, akọ mọ́ akọ, abo mọ́ abo: lunedì scorso, domenica scorsa, venerdì prossimo, domenica prossima. Fa máa ń kẹ́yìn, fra tàbí tra máa ń ṣíwájú: "tre giorni fa", ó di ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, "fra tre giorni", ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ewu wà nínú prossimo. Bí òní bá jẹ́ Ìṣẹ́gun tí ẹnì kan sì wí pé "venerdì prossimo", àwọn kan máa ní Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí lọ́kàn, àwọn mìíràn máa ní ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́kàn. Àwọn ará Ítálì fúnra wọn máa ń jiyàn lórí ẹ̀. Má ṣe dá a gbọ́ yé ara rẹ. Fi ọjọ́ oṣù tì í: "Venerdì prossimo, cioè il 12?" Cioè ni "ìyẹn ni pé", chò-ẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìrìn àìnídìí ni. Bó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á dá ọ lóhùn pé "No, non questo venerdì, quello dopo", rárá, kì í ṣe Ẹtì yìí, èyí tó tẹ̀ lé e ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ mẹ́jọ tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan

Lọ́jọ́ kan, obìnrin àgbà kan tí mo ń bá ṣe ìmọ́tótó ilé sọ fún mi pé: "Allora ci vediamo oggi a otto", ó dìgbà tí a bá ríra, "oggi a otto". Mo mọ̀ pé otto ni mẹ́jọ. Mo rò pé aago mẹ́jọ ni ó ń sọ. Mo wá padà ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn lọ́rùn, ó fi àánú wò mí. Òní ọjọ́ kẹjọ ló ń wí.

Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lára kàlẹ́ńdà tó kọ́ sára ògiri, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí òní: uno, due, tre, títí ó fi dé otto, ìka náà sì balẹ̀ sórí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀ níwájú kàlẹ́ńdà náà, orí mi wú. Ìṣirò ilé wa ni! Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́ kẹjọ là ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ Ajé mìíràn náà ni. A máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrọọrún ṣe rí: ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì, ṣùgbọ́n bí a bá ka ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó di márùn-ún.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà ní ọjà tó ń yí po bẹ́ẹ̀. Nundinae ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n yọ láti inú mẹ́sàn-án àti ọjọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń wáyé. Ẹni tó bá mọ ọjà ìsán nílẹ̀ wa kò nílò àlàyé síwájú sí i. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ló borí rẹ̀ lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Lọ́dún 321, Ọba Constantine pàṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ àti iṣẹ́ ìlú sinmi lọ́jọ́ Oòrùn, èyí tó di domenica lóde òní.

Nítorí náà, há wọn sórí báyìí: "oggi a otto", òní ọ̀sẹ̀, "domani a otto", ọ̀la ọ̀sẹ̀, "domenica a otto", kì í ṣe Àìkú tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e ni. "Fra quindici giorni", ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu, ọ̀sẹ̀ méjì ni lójú kàlẹ́ńdà. "Ogni quindici giorni" ni ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹnu àwọn àgbàlagbà ni o máa ti gbọ́ "a otto" jù. Àwọn ọ̀dọ́ á kàn sọ pé "fra una settimana". "Quindici giorni" ní tirẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń lò ó, dókítà ń lò ó, ọ́fíìsì ń lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: entro, fino a, da

"Entro venerdì" ni pé kí ọjọ́ Ẹtì má kọjá kí o tó ṣe é. Bí ọ́fíìsì bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà, gbèdéke ni. "Fino a venerdì" ni títí di Ẹtì, ohun náà á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí Ẹtì yóò fi dé. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè rò pé ààyè ṣì wà nígbà tí ààyè ti tán.

"Da" yàtọ̀ sí bí a ṣe máa ń rò ó. "Lavoro qui da lunedì": láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, mo ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà wà bí ẹni pé ìsinsìnyí ni, má ṣe wá ọ̀nà láti sọ ọ́ di àná. Bí a bá wí fún ọ pé "da lunedì lavori di sera", láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: feriale, festivo, ferie

Èyí ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. "Ferie" ni ìsinmi ọdọọdún tí ibi iṣẹ́ ń fún ọ, ọjọ́ tí o máa lọ sílé. "Giorno feriale", tó jọ ọ́ bí ìbejì, ọjọ́ iṣẹ́ ni! Inú Látìnì ìjọ Kátólíìkì ni wàhálà náà ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pe ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ní feria kejì, feria kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Potogí tí àwọn Àgùdà gbé ti Brazil bọ̀ ṣe ń pe ọjọ́ Ajé ní segunda-feira títí dòní.

"Festivo" ni ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ àjọ̀dún ìlú. "Prefestivo" ni ọjọ́ tó ṣíwájú àjọ̀dún. "Lavorativo", lọ́pọ̀ ìgbà, Ajé sí Ẹtì ni. Sátidé wá ńkọ́? Lórí àmì ojú ọ̀nà, sabato jẹ́ feriale. Bí o bá rí àwòrán òòlù méjì tó dábùú ara wọn lórí àmì ibi ìgbọ́kọ̀sí, òfin náà kan Sátidé pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ àwòrán àgbélébùú, Àìkú àti àjọ̀dún ló ń wí. Mo ti rí ẹni tó gbọ́kọ̀ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé pẹ̀lú ìdánilójú, tó padà bá ìwé owó ìtanràn lábẹ́ wáípà. Bákan náà ni bọ́ọ̀sì: tábìlì àkókò máa ń pín sí méjì, feriale àti festivo. Dúró kí o mọ èyí tí òní jẹ́ kí o tó ka aago, pàápàá ní ọjọ́ bíi 25 aprile, 1 maggio (oṣù Méè), 2 giugno (oṣù Júùnù) àti 15 agosto, tó lè bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ tí o sì máa rò pé ọjọ́ iṣẹ́ ni.

Bí àjọ̀dún bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, àwọn mìíràn á gba Ẹtì mọ́ ọn kó lè kan òpin ọ̀sẹ̀. "Fare il ponte" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kí a tẹ́ afárá. Bí o bá ní ìwé láti gbà ní ọ́fíìsì, bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń ṣe ponte: "Venerdì siete aperti?"

Pàǹtí náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n máa ń wá kó o lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀, kàlẹ́ńdà rẹ̀ sì máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Umido ni èèpo oúnjẹ, carta ni bébà, vetro ni ìgò. Bó bá kọ "carta: mercoledì, esporre la sera prima", alẹ́ Ìṣẹ́gun ni kí o gbé e síta. Mo fẹ́ràn kàlẹ́ńdà yẹn gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀kọ́, torí pé lójoojúmọ́ lo máa kà á, bí o bá sì ṣì í kà, aládùúgbò á sọ fún ọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: gba àdéhùn lórí fóònù

Ẹni tí o kò mọ̀ rí, tàbí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì, "Lei" ni kí o máa lò fún un, ó dà bí "ẹ" tiwa. "Tu" wà fún ọ̀rẹ́ àti ọmọdé. Ìpè kan nìyí bó ṣe máa ń rí:

"Buongiorno, vorrei prendere un appuntamento."
"Le va bene giovedì alle dieci?"
"Giovedì purtroppo lavoro. Sarebbe possibile venerdì pomeriggio?"
"Venerdì siamo al completo. Lunedì prossimo?"
"Lunedì prossimo, cioè lunedì 12?"
"Sì, alle quindici e trenta."
"Allora lunedì 12 alle quindici e trenta. La ringrazio, buona giornata."

Ẹ kú òwúrọ̀, mo fẹ́ gba àkókò láti rí yín. Ṣé Ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́wàá dára fún yín? Mo máa wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ọ̀sán Ẹtì á ṣeé ṣe? Ẹtì ti kún. Ajé tó ń bọ̀ ńkọ́? Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni kí o má ṣe fò dá rárá. Tún ọjọ́, nọ́ńbà àti aago wí láti ẹnu tìrẹ. Bí àṣìṣe bá wà, ibẹ̀ ni yóò ti hàn. Aago oníwákàtí mẹ́rìnlélógún sì ni wọ́n ń lò fún irú èyí. Quindici e trenta ni aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán.

Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀rẹ́: "Ci vediamo sabato?" ó parí. "Ci sentiamo in settimana" túmọ̀ sí pé a ó gbúròó ara wa lọ́jọ́ kan kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé, kò tíì di àdéhùn. Nígbà tí ẹ bá ń pínyà, "A lunedì!" ni ó dìgbà náà, lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì á kí ọ pé "Buona domenica!" lọ́sàn-án Sátidé, "Grazie, anche a Lei" ni ìdáhùn. Buon fine settimana ni ti Ẹtì, buona settimana ni ti òwúrọ̀ Ajé. Àwọn ará Ítálì fẹ́ràn ìkíni bíi tiwa, wọ́n á sì rántí ẹni tó ń kí wọn.

Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n máa ń sọ lẹ́nu

"Di Venere e di Marte non ci si sposa e non si parte": lọ́jọ́ Ẹtì àti Ìṣẹ́gun, ẹnìkan kì í gbéyàwó, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Ẹ̀rù Ẹtì tó bá bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún ló ń bà wọ́n jù, venerdì 17. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé XVII, bí àwọn ará Róòmù ṣe ń kọ mẹ́tàdínlógún, bí a bá tún lẹ́tà rẹ̀ tò, ó di VIXI, "mo ti wà láyé rí", ìyẹn ni pé mo ti kú. Ní Róòmù, "giovedì gnocchi" ṣì ń ṣẹ lórí àwo oúnjẹ, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti gnocchi, òkèlè kéékèèké tí wọ́n fi ọ̀dùnkún ṣe, Ẹtì ni ti ẹja. Bí wọ́n bá sì wí nípa ẹnì kan pé "gli manca un venerdì", ọjọ́ Ẹtì kan ò pé nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ kò pé ni wọ́n ń wí. Má sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ín.

Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn tuntun

Alẹ́ Àìkú ni mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi èdè Ítálì kọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀, bó ṣe rí gan-an. Orúkọ ọjọ́ ní kíkún, kò sí ìgékúrú. Ìlà kan fún ọjọ́ kan. Kí wọ́n wá kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí ohùn ga níbi tó yẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni, kò sí ẹni tó ṣe é tí kò yé. Ó ń ṣèrànwọ́ pẹ̀lú fún ẹni tó ń múra ìdánwò, torí pé ìwọ̀n ìmọ̀ èdè A2 ni wọ́n ń bèèrè fún ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ pípẹ́, ti ọmọ onílùú sì ti di B1, tó ga ju A2 lọ, láti ìparí ọdún 2018. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti àkókò kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nínú méjèèjì. CPIA, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ́ ọ.

Èyí ló wà lára fíríìjì tèmi lọ́sẹ̀ yìí, gègé pupa ni mo fi kọ ọ́ (fuori ni síta, poi ni lẹ́yìn náà, pagare l'affitto ni kí n san owó ilé, chiesa ni ṣọ́ọ̀ṣì, pranzo ni oúnjẹ ọ̀sán):

Lunedì: lavoro dalle 7 alle 15.
Martedì: lavoro. La sera, fuori la carta.
Mercoledì: riposo. Medico alle 10.
Giovedì: mercato, poi lavoro di sera.
Venerdì: pagare l'affitto, entro oggi!
Sabato: lavoro fino alle 14.
Domenica: chiesa, pranzo, telefonare a mamma.